Jules Janssen, ẹni tó wá omi lọ sí ojú ọ̀run

1. Ìkòkò orí iná

Bí ìyá bá gbé omi ka iná, tí omi náà sì hó, ooru á máa tú jáde lẹ́nu ìkòkò. Kò ní pẹ́ tí a kò fi ní rí ooru náà mọ́. Ó ti wọ inú afẹ́fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n kò parun. Omi ni. Bí a bá fi ọmọrí tútù bo ìkòkò náà, a ó rí omi tí ń kán lábẹ́ ọmọrí.

Omi wà nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Ojú wa kò rí i, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Ibi tí omi bá wà ni koríko ti ń hù. Ibẹ̀ ni ẹranko ti ń mu, ibẹ̀ náà sì ni ènìyàn ń tẹ̀dó sí. Bí kò bá sí omi, kò sí ewéko, kò sí ẹranko, kò sí ènìyàn.

Nígbà àtijọ́, ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ Faransé. Ó máa ń wo ojú ọ̀run lálẹ́. Ó ń bi ara rẹ̀ bóyá omi wà nínú afẹ́fẹ́ ayé mìíràn, lókè lọ́hùn-ún. Orúkọ rẹ̀ ni Jules Janssen. Ìtàn rẹ̀ nìyí.

2. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dá

Wọ́n bí Jules Janssen ní ìlú Parí ní ọjọ́ 22 oṣù kejì ọdún 1824. Olórin ni bàbá rẹ̀. Nígbà tí Jules wà ní kékeré, ó já bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan bàjẹ́. Láti ọjọ́ náà títí tó fi kú, ó ń tiro ni.

Nítorí ẹsẹ̀ yìí, kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Owó àwọn òbí rẹ̀ kò sì pọ̀. Nígbà tí ó di ọ̀dọ́, ó lọ ṣiṣẹ́ ní báńkì. Ó ń ka owó olówó, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ìwé. Bí ó bá ti rí àyè díẹ̀, yóò kàwé.

Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ti lọ jìnnà. Jules kò wo ìyẹn. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ó kàwé títí ó fi wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga Yunifásítì Parí. Ó kọ́ ìṣirò. Ó kọ́ nípa ìmọ́lẹ̀ àti ooru. Ó di olùkọ́. Ní ọdún 1860, ó gba oyè dókítà nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ọmọ ọdún 36 ni nígbà náà.

Ó fẹ́ ìyàwó kan tí ń jẹ́ Henriette. Wọ́n bí ọmọbìnrin kan.

3. Òṣùmàrè àti ìlà dúdú

Gbogbo wa la ti rí òṣùmàrè lẹ́yìn òjò. Àwọ̀ rẹ̀ pọ̀: pupa wà níbẹ̀, ìyeyè wà níbẹ̀, àwọ̀ ewé wà níbẹ̀, àwọ̀ aró náà sì wà níbẹ̀. Níbo ni gbogbo àwọ̀ yìí ti wá? Inú ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn dà bí ohun funfun, ṣùgbọ́n gbogbo àwọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀kán omi òjò ló pín wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Dígí kan wà tó lè ṣe iṣẹ́ yìí náà. Igun mẹ́ta ni dígí náà ní. Bí ìmọ́lẹ̀ bá gba inú rẹ̀ kọjá, yóò di òṣùmàrè. Àwọn ọ̀mọ̀ràn fi irú dígí yìí ṣe awò kan. A ó máa pè é ní awò apín-ìmọ́lẹ̀.

Bí a bá fi awò yìí wo ìmọ́lẹ̀ oòrùn dáadáa, a ó rí ohun ìyanu kan. Àwọn ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ wà láàrin àwọn àwọ̀ náà, bí ìgbà tí ènìyàn fi tádàwà fa ìlà sórí òṣùmàrè. Kí ni ìlà wọ̀nyí?

Ní ọdún 1859, ọ̀mọ̀ràn méjì ní ilẹ̀ Jámánì rí ìdáhùn. Orúkọ wọn ni Kirchhoff àti Bunsen. Wọ́n rí i pé bí ìmọ́lẹ̀ bá gba inú afẹ́fẹ́ kan kọjá, afẹ́fẹ́ náà á mú díẹ̀ lára àwọ̀ rẹ̀. Ibi tí ó ti mú un ni yóò dúdú. Oríṣi afẹ́fẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ibi tirẹ̀ tó máa ń mú.

Láyé àtijọ́, àwọn àgbà máa ń wo ilà ojú ènìyàn, wọ́n á sì mọ ìlú tó ti wá. Kò pọn dandan kí ẹni náà sọ̀rọ̀. Bákan náà ni ìlà dúdú wọ̀nyí. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n lè wo ìmọ́lẹ̀ kí ó sì sọ irú afẹ́fẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ náà gbà kọjá. Kò ní láti fọwọ́ kan afẹ́fẹ́ náà. Ìbáà jìnnà tó bí ìràwọ̀, yóò mọ̀ ọ́n.

4. Iná létí adágún

Janssen ra awò apín-ìmọ́lẹ̀, ó sì ń fi wo oòrùn lójoojúmọ́. Ó rí i pé àwọn ìlà kan wà tí kì í dúró bákan náà. Ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á dúdú gan-an. Ní ọ̀sán, wọ́n á rẹlẹ̀. Kí ló fà á?

Janssen rò ó. Ní àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, oòrùn wà nísàlẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń gba inú afẹ́fẹ́ púpọ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ọ̀sán, oòrùn wà lókè orí. Afẹ́fẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá kò pọ̀. Nítorí náà, ìlà wọ̀nyí kì í ṣe ti oòrùn. Ti afẹ́fẹ́ ayé wa ni.

Ṣùgbọ́n èrò nìkan kò tó. Ó yẹ kí ó dán an wò. Ní ọdún 1864, ó gun òkè gíga kan ní ilẹ̀ Swítsálándì. Ní orí òkè, afẹ́fẹ́ tó kù lókè orí ènìyàn kò pọ̀ mọ́. Lóòótọ́, àwọn ìlà náà rẹlẹ̀ níbẹ̀.

Ó tún ṣe ohun mìíràn. Adágún ńlá kan wà ní ilẹ̀ náà. Ó ní kí wọ́n dá iná igi ńlá sí etí adágún náà lálẹ́. Òun fúnra rẹ̀ dúró sí ìlú Jẹ̀nífà, ní ìwọ̀n kìlómítà 21 sí iná náà. Ó fi awò rẹ̀ wo iná. Iná lásán kò ní irú ìlà bẹ́ẹ̀ bí a bá wò ó nítòsí. Ṣùgbọ́n láti ọ̀nà jíjìn, Janssen rí àwọn ìlà dúdú náà kedere. Ìmọ́lẹ̀ iná náà ti gba orí omi kọjá, nínú afẹ́fẹ́ tó kún fún ooru omi.

Ní ọdún 1866, ó ní kí wọ́n fi ooru omi gbígbóná kún ọ̀pá irin kan ní ìlú Parí. Gígùn ọ̀pá náà jẹ́ mítà 37. Wọ́n tan iná sí ẹnu kan. Janssen wò ó láti ẹnu kejì. Àwọn ìlà náà tún jáde! Wàyí o, ó dá a lójú. Ó ti mọ ilà ojú omi.

5. Alẹ́ lórí òkè oníná

Ayé wa kì í ṣe òun nìkan ló ń yí oòrùn ká. Àwọn ayé mìíràn wà tí ń yí i ká. Pílánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn ni Máàsì. Bí ìràwọ̀ pupa ni ó rí lójú wa. Nígbà ayé Janssen, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹ̀dá alààyè wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè lọ wò ó.

Janssen kò nílò láti lọ síbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń bọ́ sórí Máàsì. Ó ń gba inú afẹ́fẹ́ Máàsì kọjá, ó sì ń padà wá sọ́dọ̀ wa. Bí omi bá wà nínú afẹ́fẹ́ Máàsì, ilà rẹ̀ yóò wà nínú ìmọ́lẹ̀ náà.

Ìṣòro kan wà níbẹ̀. Kí ìmọ́lẹ̀ náà tó dé ojú wa, yóò gba inú afẹ́fẹ́ tiwa náà kọjá. Omi sì wà nínú afẹ́fẹ́ tiwa. Bí a bá rí ilà omi, báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá ti Máàsì ni tàbí tiwa? Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń gba inú dígí tó dọ̀tí wo aṣọ funfun. Ó lè rò pé aṣọ ló dọ̀tí, kó sì jẹ́ pé dígí ni.

Kí ni Janssen ṣe? Ó wá ibi gíga tí omi kò pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1867, ó lọ sí òkè Etna ní ilẹ̀ Ítálì. Òkè oníná ni Etna. Nígbà mìíràn, iná àti eérú máa ń tú jáde láti orí rẹ̀. Ó ga ju mítà 3 000 lọ. Ní orí rẹ̀, òtútù mú gan-an, yìnyín sì wà níbẹ̀.

Ọkùnrin tí ń tiro yìí gun òkè náà pẹ̀lú awò rẹ̀. Ó wo Máàsì nínú òtútù òru. Nígbà tí ó sọ̀ kalẹ̀, ó kéde pé òun ti rí àmì omi nínú afẹ́fẹ́ Máàsì. Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn dùn. Wọ́n gbàgbọ́ pé Máàsì jọ ayé wa.

6. Oòrùn, ogun àti bàlúùnù

Nígbà mìíràn, òṣùpá máa ń wá sáàrin ayé àti oòrùn. Oòrùn á ṣókùnkùn ní ọ̀sán gangan. Janssen fẹ́ràn láti wo irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1868, ó lọ sí ilẹ̀ Íńdíà. Nígbà tí òṣùpá bo oòrùn, ó rí ahọ́n iná ńláńlá létí oòrùn. Ó wá ronú ọ̀nà tí òun yóò fi máa rí wọn láìdúró de òṣùpá. Ní ọjọ́ kejì, ó dán an wò, ó sì rí wọn. Ọ̀gbẹ́ni Lockyer ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà rí ọ̀nà kan náà, láìjẹ́ pé ẹnì kan gbọ́ ti ẹnì kejì. Nítorí náà, ilẹ̀ Faransé ṣe owó ẹ̀yẹ kan, wọ́n sì ya ojú àwọn méjèèjì sí ara rẹ̀.

Ní ọdún 1870, ogun dé. Àwọn ọmọ ogun yí ìlú Parí ká. Ẹnikẹ́ni kò lè jáde. Oòrùn yóò ṣókùnkùn ní ilẹ̀ Àlùjéríà ní oṣù Kejìlá. Janssen kò fẹ́ kí ọjọ́ náà kọjá lójú òun.

Ọ̀nà ilẹ̀ ti dí. Ọ̀nà òfuurufú ló kù. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá, Janssen kó awò rẹ̀ sínú bàlúùnù kan. Bàlúùnù jẹ́ àpò aṣọ ńlá tí a fi afẹ́fẹ́ fúyẹ́fúyẹ́ kún, agbọ̀n sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ó gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó fò kọjá lórí àwọn ọmọ ogun. Afẹ́fẹ́ gbé e lọ títí dé ẹ̀bá òkun ńlá. Ó sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀, ó sì dé Àlùjéríà kí ọjọ́ tó pé.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ pé, ìkúukùu bo ojú ọ̀run. Janssen kò rí nǹkan kan. Gbogbo ìyà tó jẹ yẹn já sí asán.

Kò torí ìyẹn jókòó. Ní ọdún 1874, ó lọ sí ilẹ̀ Jàpáánì láti wo pílánẹ́ẹ̀tì Fẹ́nọ́ọ̀sì bí ó ṣe ń kọjá níwájú oòrùn. Ó ṣe ẹ̀rọ kan tó lè ya àwòrán 48, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn kíákíá. Wọ́n kò tíì ṣe sinimá nígbà náà. Ní ọdún 1876, ìjọba Faransé fún un ní ilé ńlá kan ní Meudon, lẹ́bàá Parí, kí ó máa wo oòrùn àti ìràwọ̀ níbẹ̀.

7. Ilé lórí yìnyín

Afẹ́fẹ́ kan wà tí à ń pè ní ọ́síjìn. Òun ni à ń mí sínú tí a fi ń yè. Àwọn igi àti ewéko ló ń tú u jáde nígbà tí oòrùn bá ń ràn. Bí gbogbo ewéko bá parun, ọ́síjìn yóò máa dínkù. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá ẹ̀dá alààyè nínú ayé mìíràn yóò bèèrè bóyá ọ́síjìn wà níbẹ̀.

Janssen fẹ́ mọ ilà ojú ọ́síjìn dáadáa. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ti oòrùn ni àwọn ìlà tí òun ń rí, tàbí ti afẹ́fẹ́ wa. Ní ọdún 1889, wọ́n parí ilé ìṣọ́ Eiffel ní Parí. Wọ́n tan iná sórí rẹ̀, Janssen sì wò ó láti Meudon. Ilà ọ́síjìn hàn nínú iná náà. Iná kì í sì í ṣe oòrùn.

Ó kù kí ó wò ó láti ibi tó ga jù. Mont Blanc ni òkè náà. Ó ga tó mítà 4 800. Yìnyín ló bò ó láti ọdún dé ọdún. Janssen ti lé ní ọdún 60, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì dá. Ní ọdún 1890, àwọn ọkùnrin alágbára gbé e ka orí pẹpẹ igi kan. Wọ́n so okùn mọ́ ọn, wọ́n sì fà á gòkè lórí yìnyín, títí wọ́n fi dé ṣóńṣó òkè. Bí wọn kò bá fọwọ́sowọ́pọ̀, kì bá má dé ibẹ̀.

Lẹ́yìn náà, wọ́n kọ́ ilé pákó kan sórí yìnyín náà. Àwọn aláàárù fi ẹ̀yìn gbé pákó gòkè. Ní ọdún 1893, nígbà tí Janssen di ọmọ ọdún 69, ó tún gòkè lọ sínú ilé náà. Ó wo oòrùn. Ilà ọ́síjìn rẹlẹ̀ lókè yẹn. Ó wá dá a lójú pé afẹ́fẹ́ ayé wa ló ní ilà náà, kì í ṣe oòrùn.

8. Ta ló tọ̀nà?

Ọ̀rọ̀ Máàsì ńkọ́? Ní ọdún 1894, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tún un wò. Orúkọ rẹ̀ ni William Campbell. Ọgbọ́n tó dá ni pé ó wo Máàsì, ó sì wo òṣùpá ní alẹ́ kan náà. Òṣùpá kò ní afẹ́fẹ́ bíi tiwa. Bí ilà omi bá dúdú nínú ìmọ́lẹ̀ Máàsì ju ti òṣùpá lọ, a jẹ́ pé Máàsì ní omi. Bí àwọn méjèèjì bá dọ́gba, a jẹ́ pé afẹ́fẹ́ tiwa ni à ń rí.

Campbell wò ó títí. Àwọn méjèèjì dọ́gba. Kò rí omi Máàsì.

Janssen kò gbà. Ó ṣì dúró lórí ohun tí ó rí ní òkè Etna. Àwọn ọ̀mọ̀ràn jiyàn fún ìgbà pípẹ́. Janssen kú ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 1907 ní Meudon. Ọmọ ọdún 83 ni. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, yìnyín Mont Blanc gbé ilé pákó rẹ̀ mì.

Ní ọdún 1963, àwọn ọ̀mọ̀ràn ní Amẹ́ríkà fi awò tó dára ju ti àtijọ́ wo Máàsì. Wọ́n rí omi nínú afẹ́fẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n omi náà kéré gan-an. Awò Janssen kò lè rí ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Omi tí ó rí ní ọdún 1867, ti afẹ́fẹ́ ayé wa ni.

Janssen ṣàṣìṣe, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò já sí asán. Òun ló fi bí wọ́n ṣe ń mọ ilà omi han àwọn tó kù. Campbell kọ́ láti ara iṣẹ́ àwọn tó ṣáájú rẹ̀, ó sì fi ọgbọ́n tirẹ̀ kún un. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

9. Lónìí

Títí di òní, ẹnikẹ́ni kò tíì rí ẹ̀dá alààyè ní Máàsì. Ṣùgbọ́n à ń wá a síbẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 2021, wọ́n rán awò ńlá kan lọ sí òfuurufú. James Webb ni orúkọ rẹ̀. Kò sí afẹ́fẹ́ ayé wa níwájú rẹ̀ rárá. Ó ń wo àwọn pílánẹ́ẹ̀tì tí ń yí àwọn ìràwọ̀ mìíràn ká. Ó ti rí ilà omi nínú afẹ́fẹ́ àwọn kan. Ọ̀nà tí Janssen gbà létí adágún, pẹ̀lú iná igi, ni awò náà ṣì ń gbà.

Bí o bá rí ooru lẹ́nu ìkòkò lónìí, rántí ọkùnrin tí ń tiro, tó gun òkè nítorí rẹ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ tuntun

Adágún: omi ńlá tí ilẹ̀ yí ká.
Awò apín-ìmọ́lẹ̀: awò tí ń sọ ìmọ́lẹ̀ di òṣùmàrè.
Ọ́síjìn: afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú tí a fi ń yè.
Pílánẹ́ẹ̀tì: ayé tí ń yí oòrùn tàbí ìràwọ̀ ká.
Tiro: kí ènìyàn máa rìn bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn.

Ìbéèrè

1. Kí ló ṣe ẹsẹ̀ Jules Janssen?
2. Iṣẹ́ wo ni ó kọ́kọ́ ṣe?
3. Kí ni ó fi kún ọ̀pá irin ní ọdún 1866?
4. Kí ló dé tí ó fi gun òkè Etna?
5. Báwo ni ó ṣe jáde ní Parí nígbà ogun?
6. Àwọn wo ló ràn án lọ́wọ́ láti dé orí Mont Blanc?
7. Kí ló dé tí Campbell fi wo òṣùpá pẹ̀lú Máàsì?
8. Fi ọmọrí tútù bo ife omi gbígbóná níwájú olùkọ́ rẹ. Kí lo rí lábẹ́ ọmọrí náà?